Owó Tó Ń Wọgbó Lórí Ojú Irin Skọ́tlándì: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Bí ẹ bá ti lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, tí ẹ sì mọ bí a ṣe ń ka àtẹ àkókò ọkọ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. N kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Owó tó ń wọgbó lójú mi ni ó ń dùn mí. Àwọn èèyàn wa ń gbéra láti London àti Manchester, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Dundee àti Aberdeen náà ń jáde nígbà ìsinmi, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọjọ́ kan gbádùn ojú irin àárín òkè níhà àríwá Skọ́tlándì. Wọ́n á náwó, wọ́n á rẹ̀, wọn ò sì ní rí ìdajì ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kúrò nílé. Lọ́dọọdún ni mò ń rí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Èkíní, ẹ fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò ṣeé ṣe. Glasgow sí Mallaig, ìlú etíkun tí ojú irin parí sí, ju wákàtí márùn-ún lọ. Inverness sí Wick ju mẹ́rin lọ. Inverness sí Kyle of Lochalsh, wákàtí méjì àbọ̀. Bí ọkọ̀ bá fi yín sílẹ̀ lọ láàrin Edinburgh àti Glasgow, òmíràn ń bọ̀ láìpẹ́. Lókè lọ́hùn-ún, ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni gbogbo èyí tó ń lọ láti àárọ̀ dalẹ́, nígbà tó bá sì di ọjọ́ Àìkú, ẹyọ kan péré ló ń ti Inverness lọ dé Wick. Ẹni tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá fi sílẹ̀ lọ níbẹ̀, yàrá ni yóò wá gbà, owó yàrá alẹ́ ọjọ́ náà sì lè ju owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan fi ètò wọn hàn mí ní ibùdókọ̀ Glasgow Queen Street. Àárọ̀, Mallaig. Ọ̀sán, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Armadale ní erékùṣù Skye. Ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kyle lọ sí Inverness. Alẹ́, kí wọ́n sùn sí Edinburgh. Mo bi wọ́n pé kí ni yóò gbé wọn láti Armadale dé Kyle. Wọ́n wo ara wọn lójú. Kò sí ojú irin kankan ní Skye. Bọ́ọ̀sì ni, bọ́ọ̀sì náà kì í sì í dúró de èrò ọkọ̀ ojú omi tó bá pẹ́ dé. Ìrìn ọjọ́ méjì ni wọ́n kì bọ inú ọjọ́ kan, wọ́n sì ti san owó yàrá Edinburgh tí wọn ò lè gbà padà.

Èkejì, ẹ ń dúró de ìgbà tí aago mẹ́sàn-án bá kọjá kí owó ọkọ̀ lè wálẹ̀. Ta ló ṣì ń sọ èyí fún yín? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n ti fagi lé àfikún owó tí wọ́n ń gbà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nínú ọkọ̀ ScotRail, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Skọ́tlándì. Iye tí ẹ ó san ní aago mẹ́jọ náà ni ẹ ó san ní mọ́kànlá. Ọkọ̀ tó ń ti London bọ̀ kò sí nínú èyí o, àwọn yẹn ní òfin tiwọn. Ọkọ̀ àárọ̀ tó ń lọ sí Mallaig máa ń kúrò ní Queen Street nígbà tí aago mẹ́jọ bá kọjá díẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́ aago mẹ́sàn-án, ó di ọ̀sán kó tó rí òmíràn, nígbà òtútù sì rèé, òkùnkùn ni yóò bá a dé etíkun. Bí ẹ bá fẹ́ dín owó kù lóòótọ́, ẹ gba Railcard tó bá ọjọ́ orí yín mu. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń yọ.

Ìkẹta, Glasgow Central yàtọ̀ sí Glasgow Queen Street. Ọkọ̀ tó ti London Euston bọ̀ ń já èrò sí Central, ọkọ̀ àárín òkè ń gbéra ní Queen Street, ẹsẹ̀ ni ẹ ó sì fi rìn láàrin méjèèjì.

Ìkẹrin ni èyí tó ń ká mi lára jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ afárá Glenfinnan ni, èyí tó wà láàrin Fort William àti Mallaig.

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ gba orí afárá yẹn kọjá nítorí wọ́n ti rí i nínú fíìmù. Kò burú. Afárá náà yẹ ní wíwò. Ojú 21 ló ní, tí orí wọn tẹ̀ kọrọdọ láti òpó dé òpó. Kọ̀ǹkéré ni wọ́n fi mọ ọ́n látòkè délẹ̀, wọn ò ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́ nínú. Robert McAlpine ni agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ọ, ọdún 1901 ni wọ́n sì ṣí ojú irin náà dé Mallaig. Ó gùn tó mítà 380, ó ga tó mítà 30. Kò tún lọ gbọọrọ, ṣe ni ó yí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè yọjú wo iwájú ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín ni pé ọkọ̀ ScotRail lásán, èyí tí àwọn ará Mallaig ń wọ̀ lọ ra ọjà ní Fort William, orí afárá yìí kan náà ló ń gbà. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń fi èédú ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Jacobite, láti Fort William sí Mallaig náà ló ń lọ, lórí irin kan náà, owó rẹ̀ sì ju ti ọkọ̀ lásán lọ fíìfíì. Tíkẹ́ẹ̀tì ScotRail yín kò sì wúlò nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ èédú gan-an ló ń wù yín, tí ẹ fẹ́ gbóòórùn èéfín, tí ẹ fẹ́ gbọ́ fèrè rẹ̀ nígbà tó bá ń fà gòkè, ẹ sanwó ọ̀hún, ó tọ́ sí i, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá afárá nìkan, kí ló ń lọ ṣe níbẹ̀?

Ẹbí kan jókòó kọjú sí mi láti Glasgow nígbà ooru, bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta. Ìyá ṣí kúlà, òórùn jọ́lọ́ọ̀fù gba inú kóòṣì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ láàrin wa. Ọ̀dọ̀ alágbàtà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni bàbá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ èédú, alágbàtà náà sì ti gbówó lé e. Nígbà tí a dé Fort William, gbogbo wọn kó ẹrù wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ń dúró de ọkọ̀ ọ̀sán. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ yìí ni yóò gba orí afárá yẹn kọjá kó tó pẹ́ tó wákàtí kan." Kò gbà mí gbọ́. Ó na tíkẹ́ẹ̀tì sí mi. Mo wò ó: ìjókòó wọn kò wà pa pọ̀, méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló sì wà ní apá ọ̀tún. Apá òsì ni gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ rí wà. Ọmọ tó kéré jù ń béèrè pé ṣé afárá náà ti dé. Ọkọ̀ wa fọn fèrè, ó gbé wa lọ, mo sì wò wọ́n láti ojú fèrèsé níbi tí wọ́n tò sí pẹ̀lú àpò wọn. Inú mi bàjẹ́ títí mo fi dé Mallaig. Ìyókù owó ọkọ̀ lásán láti Fort William dé Mallaig kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí kó yé yín, nítorí àwọn tó ti ń wọ ọkọ̀ tipẹ́ pàápàá ń ṣì í. Láti Glasgow lọ sókè, ẹ jókòó sápá òsì bí ẹ bá fẹ́ rí Loch Long àti Loch Treig; omi ńlá bí ọ̀sà ni wọ́n ń pè ní loch. Ẹni tó bá ń fẹ́ Loch Lomond ni kó lọ sọ́tùn-ún. Àmọ́ Fort William, orí irin parí síbẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe wọlé ni yóò ṣe fi ẹ̀yìn jáde, awakọ̀ á rìn lọ sí orí kejì. Ẹni tó wà lápá òsì tẹ́lẹ̀ ti di ará apá ọ̀tún láìkúrò lójú kan. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti dúró ní Fort William, kí ẹ dìde, kí ẹ bọ́ sí òdìkejì, kí ẹ̀yin náà lè wà lápá òsì nígbà tí ẹ bá kọjú sí Mallaig. Ibẹ̀ ni Loch Eil wà, ibẹ̀ ni Loch Shiel wà nísàlẹ̀ afárá, ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí bí ọkọ̀ ṣe ń yí. Ẹ wọ aṣọ dúdú, kí ẹ sì fi ojú kámẹ́rà lé gíláàsì tímọ́tímọ́, kí àwòrán tiyín má baà hàn níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun orí irin ní Glenfinnan láti ya fọ́tò, ẹ jáwọ́. Òfin lòdì sí i, ó sì lè pa yín. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà láti ibùdókọ̀ lọ sí ibi ìwòran.

Ọ̀rọ̀ Crianlarich. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Glasgow bọ̀ ń pín sí méjì níbẹ̀, apá kan á lọ sí Oban, apá kejì á lọ sí Fort William àti Mallaig. Wọ́n á kéde rẹ̀, ó sì máa ń hàn lára kóòṣì. Ẹ bi kóńdọ́ kí ẹ tó jókòó, pàápàá ẹ̀yin tí oorun máa ń gbé lọ kété tí ọkọ̀ bá ti gbéra. Oban dára, ṣùgbọ́n kò sí Glenfinnan níbẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún Tyndrum: abúlé kékeré ni, ibùdókọ̀ méjì ló ní, Tyndrum Lower fún ìlà Oban, Upper Tyndrum fún ìlà Fort William. Ẹni tó bá dúró sí èyí tí kò yẹ á máa gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè.

Ẹ má bọ́ sílẹ̀ ní Corrour láìwo àtẹ. Ó ga tó mítà 408, kò sí ibùdókọ̀ mìíràn lórí ojú irin ńlá ilẹ̀ náà tó ga tó o, kò sì sí títì tí ará ìlú lè wa mọ́tò gbà dé ibẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé yín wá ni ìrètí yín, èyí tó kàn sì lè tó wákàtí mélòó kan kó tó dé. Nínú oṣù Kejìlá, mo di ọmọkùnrin kan lápá mú bó ṣe ń gbé àpò rẹ̀ ní Corrour. Jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀, ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò díẹ̀ kí òun wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Oòrùn ibẹ̀ ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù nígbà yẹn. Mo ṣí àtẹ hàn án, ó jókòó padà.

Kí ẹ tó dé Corrour ni ẹ ó ti gba inú àbàtà Rannoch kọjá. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ̀ yín. Ilẹ̀ náà rọ̀ débi pé irin kò lè dúró lórí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ to ẹ̀ka igi, wọ́n da erùpẹ̀ àti eérú lé e lórí, orí rẹ̀ ni wọ́n sì tẹ́ ojú irin sí títí ìlà náà fi ṣí dé Fort William ní 1894. Orí rẹ̀ ni ọkọ̀ ṣì ń gbà títí di òní. Níwájú díẹ̀, ọkọ̀ á gba abẹ́ òrùlé kan tí wọ́n kọ́ bo ojú irin nítorí yìnyín. Mo ti rí ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn tó ń wo eré bọ́ọ̀lù lórí fóònù ní gbogbo ibẹ̀ yẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á tilẹ̀ já mọ́ yín lọ́wọ́, nítorí náà, ẹ ti gbé tíkẹ́ẹ̀tì yín sórí fóònù láti Glasgow.

Lórí ìlà Wick àti ti Kyle, ọ̀pọ̀ ibùdó ló jẹ́ pé ọkọ̀ kì í dúró bí ẹnikẹ́ni ò bá ní kó dúró. Bí ẹ ṣe ń na ọwọ́ sí dánfó ni kí ẹ na ọwọ́ sí awakọ̀, kí ó sì rí yín dáadáa. Àwọn ibùdó kan lórí ìlà Wick ti ní bọ́tìnì tí ẹ ó tẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ sọ fún kóńdọ́ ṣáájú.

Afárá Forth, nítòsí Edinburgh: ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lórí rẹ̀ kò lè rí i. Irin pupa tó ń fò kọjá lójú fèrèsé ni yóò rí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Dalmeny tàbí North Queensferry kí ẹ lọ wò ó láti ìsàlẹ̀. Láti 1890 ni ọkọ̀ ti ń gba orí rẹ̀. Ti Tay yàtọ̀: bí ẹ bá ń lọ sí Dundee, ẹ wo apá ọ̀tún, ẹ ó rí kùkùté òpó afárá àkọ́kọ́ tó wó pẹ̀lú ọkọ̀ lórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1879.

Kantíkantí ilẹ̀ náà burú nígbà ooru, ẹ ra òògùn rẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi dání.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ àárọ̀ láti Queen Street. Ẹ ó dé Mallaig ní nǹkan bí aago kan àbọ̀, ẹ ó jẹ ẹja létí omi, ẹ ó wọ ọkọ̀ tó ń kúrò lẹ́yìn aago mẹ́rin, ẹ ó sì padà sí Glasgow lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó gba orí afárá náà kọjá. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ láti Glasgow dé Mallaig tààrà. Ẹ má ṣe fi mọ sí Fort William.