Bí mo ṣe ń pín ìrònú, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́
Télọ̀ ni mí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́. Ohun tí mo ń sọ fáwọn ọmọṣẹ́ mi rèé.

Kẹ́ ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sínú ìwé: kí ni mo fẹ́ ṣe dáadáa ju tàná lọ? Ọ̀kan ti tó. Bó bá pọ̀ jù, ó di àròkàn, àròkàn ló sì ń mú ẹkún àsun-ùn-dá wá.

Ibi ẹ̀kọ́ gan-an ló le. Fídíò pọ̀ lórí fóònù. Bẹ́ ẹ bá wo ọ̀kan tán, ẹ má wo òmíràn àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín dán an wò. Ká ní ọrùn bùbá ni: ẹ kọ́kọ́ gé e lára ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ tẹ́ ẹ lé àjákù ańkárá, ẹ rán an, ẹ wò ó bóyá ó ń hunjọ. Lẹ́yìn náà, ẹ rán an sí bùbá tiyín, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà. Aṣọ oníbàárà ló kẹ́yìn, pàápàá tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀!

Lọ́jọ́ tíṣẹ́ bá wọra, ẹ gbàgbé ìwé, ẹ tẹ ẹ̀rọ yín. Tó bá dalẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ṣí ìwé náà padà, kẹ́ ẹ fàlà sórí èyí tó ti mọ́ yín lọ́wọ́ nínú ohun tẹ́ ẹ kọ.