Bí mo ṣe rin Glendalough: òkè ni mo kọ́kọ́ gùn, ìlú àwọn mọ́ńkì ló kẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti Dublin, olú ìlú Ireland, lọ sí Glendalough, ìdí ilé gogoro tí àwọn mọ́ńkì (àwọn onísìn Kristi tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà) kọ́ láyé àtijọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé itòsí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ń já wọn sí. Wọ́n á ya fọ́tò títí, wọ́n á jókòó jẹun, ọ̀sán á ti pọ́n kí wọ́n tó rántí pé òkè wà níbẹ̀. Èmi yí ètò náà padà. Òkè Spinc ni mo kọ́kọ́ gùn, mo gba etí adágún padà, mo wá fi ibojì àtijọ́ àti ilé gogoro parí rẹ̀. Ìdí kò ju pé òkè ń gba ara àti ojú ọjọ́ tó dáa, òkúta àwọn mọ́ńkì kò sì ní sá lọ bí òjò bá dé.

Agbègbè Wicklow ni Glendalough wà, bí kìlómítà 50 sí gúúsù Dublin. Gleann Dá Loch ni wọ́n ń pè é lédè Irish, ìyẹn àfonífojì adágún méjì. Ọ̀kan ṣoṣo ni adágún náà tẹ́lẹ̀. Yìnyín ńlá ló gbẹ́ àfonífojì yìí láyé ìwáṣẹ̀; nígbà tó yọ́ tán, omi dúró síbẹ̀. Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Poulanass wá ń já bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè, ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹẹrẹ dà sí àárín omi, títí ilẹ̀ fi hù tó sì pín adágún sí méjì. Orí ilẹ̀ tí odò kó jọ yẹn lẹ máa gbé mọ́tò sí.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Ẹ gba M11 jáde ní Dublin, ẹ yà ní Kilmacanogue bọ́ sí R755, ẹ gba Roundwood àti Annamoe kọjá títí dé Laragh, kí ẹ wá yà sí apá ọ̀tún. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ọ̀nà kejì wà, R115 tó gba Sally Gap, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ọdún 1798 kí àwọn ṣọ́jà lè rọ́nà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sá sórí òkè. Ó lẹ́wà gan-an, ṣùgbọ́n ó há, yìnyín sì máa ń dì lórí rẹ̀ nígbà òtútù. Mo fi ti ìpadàbọ̀ sílẹ̀ fún un.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí méjì ló wà. Ti ìsàlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbàlejò, ti òkè wà létí Upper Lake (adágún tòkè; Lower Lake ni tìsàlẹ̀), owó ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ti òkè ni mo lò, torí pé ẹsẹ̀ òkè gan-an ló wà. Lópin ọ̀sẹ̀ tí oòrùn bá ràn, ó máa ń kún kí àárọ̀ tó lọ jìnnà, mọ́tò á wá tò sẹ́yìn títí dé ojú ọ̀nà ńlá. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù ni mo débẹ̀. Ẹ má fi báàgì tàbí fóònù sílẹ̀ níbi tí ojú ti lè rí i nínú mọ́tò. Àwọn tó ń fọ́ gíláàsì mọ̀ pé ẹni tó lọ sórí òkè kò ní tètè dé. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì kí ó kọ́kọ́ wo ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn ń padà, torí wọn kò pọ̀ lóòjọ́, kí ó sì ka wákàtí rẹ̀ sẹ́yìn láti ibẹ̀.

Aṣọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣì mú. Jíǹsì kò dára. Òwú ni, bó bá ti mu omi, kò ní gbẹ mọ́ títí ẹ ó fi délé, á wúwo, á sì máa fa ooru kúrò lára yín. Ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yára gbẹ, súẹ́tà kan, jákẹ́ẹ̀tì òjò tó ní fìlà, àti búùtù tó ní ìdí gbágungbàgun, ìyẹn ló tó. Ìbọ̀sẹ̀ kejì wà nínú báàgì mi. Ooru máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 1 dín fún gbogbo mítà 150 tí èèyàn bá gùn, afẹ́fẹ́ orí òkè sì tún máa ń bu tirẹ̀ kún un, nítorí náà ẹ má fi bí ara ṣe rí létí adágún mọ bó ṣe máa rí lókè. Mo gbé omi lítà kan àbọ̀, ẹyin sísè, ẹ̀pà àti pọ́fù-pọ́fù dání. Ìrẹsì inú kúlà kò sunwọ̀n níbẹ̀: ó ń tutù, ó ń fẹ́ ṣíbí, afẹ́fẹ́ á sì gbé ìdajì rẹ̀ lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró nínú àfonífojì yẹn, nítorí náà ilé ni mo ti fa máàpù sórí fóònù.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ya àwọn ọ̀nà ibẹ̀ sọ́tọ̀. Ọfà funfun lara òpó ni mo tẹ̀ lé: kìlómítà 9 ó lé díẹ̀, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀, gígùn rẹ̀ sókè sì tó mítà 380. Ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tó kó ọmọdé dání, kí ó mú ọfà àwọ̀ ewé tó yí Lower Lake po, kìlómítà 3 péré, ilẹ̀ títẹ́jú.

Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, mo gba etí odò Poulanass gòkè. Ọ̀nà náà ga, ṣùgbọ́n kò gùn. Ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mo ti kọjá ibi tí omi ti ń já bọ́ látorí òkúta sínú kòtò. Ọ̀nà náà já sí ojú ọ̀nà igbó tó fẹ̀. Ibí ni àwọn kan ti ń ṣìnà, torí ọ̀nà fífẹ̀ náà ń pe ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa bá a lọ láìwo òpó. Ọfà funfun ni kí ẹ máa wá. Á yà yín kúrò níbẹ̀ wọ àárín igi, ibẹ̀ sì ni àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀.

Àtẹ̀gùn yẹn ju 600 lọ. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí mọ ohun tí mò ń sọ, àfi pé pákó ni tibí. Igi tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irin rélùwéè ni wọ́n kó wá, wọ́n tẹ́ méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì fi àwọ̀n wáyà bò wọ́n. Wáyà yẹn ló ń di ìdí bàtà mú. Níbi tó bá ti ya tàbí tí ẹsẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán, igi lásán ló kù, nǹkan àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ sì ń hù sí i. Bí òjò bá kàn án, bí ọṣẹ ló rí. Ojú mi kò kúrò nílẹ̀: mo ń wá ibi tí wáyà ṣì wà ni mo ń tẹ̀, mo sì ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé e pẹrẹsẹ, n kò fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ sinmi, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kọjá, ṣùgbọ́n ẹ má bọ́ sínú koríko. Ilẹ̀ irà ni, dúdú, rírọ̀ bíi fóòmù tó mu omi. Nítorí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe tẹ́ pákó: ẹsẹ̀ èèyàn ti ń gbẹ́ ẹ lọ, ibi tí ẹsẹ̀ bá ti gbẹ́ ni omi ń gbà, ọ̀nà á sì máa fẹ̀ sí i lọ́dọọdún.

Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi gun àtẹ̀gùn náà tán. Bí igi ṣe tán báyìí, gbogbo Upper Lake ló wà nísàlẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan náà, dúdú, tóóró, láàárín ògiri àpáta méjì. Ibẹ̀ ni mo ti yẹ ojú ọjọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ibi tó kẹ́yìn tó ti rọrùn láti padà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti èèyàn, tàbí tí kùrukùru bá bo ìparí adágún tí ẹ kò rí i mọ́, ẹ padà. Ọ̀nà iwájú gba etí àpáta lọ ní bíi kìlómítà méjì, kò sí irin ìdáábòbò kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ, ojú ọjọ́ mọ́, mo sì lo wákàtí kan lórí ibẹ̀. Àgbọ̀nrín ń jẹ̀ ní apá òsì. Ẹ wò wọ́n láti òkèèrè.

Àwọn kan fẹ́ràn láti gba òdìkejì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní etí adágún kí wọ́n wá fi àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀. N kò fọwọ́ sí i. Ìsọ̀kalẹ̀ orí pákó tútù ló ń ṣe orúnkún àti ìdí léṣe jù, ẹ ó sì máa pàdé gbogbo èrò tó ń gòkè lórí pákó tí kò ju igi méjì lọ.

Lópin òkè, pákó sọ̀kalẹ̀ sí odò Glenealo, afárá onígi kan sì wà níbẹ̀. Mo sọdá, mo jẹun sẹ́yìn òkúta ńlá kan tó dínà afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn afárá ni iṣẹ́ tó le jù lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsọ̀kalẹ̀ ni: ọ̀nà ń yí kọ́rọkọ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, òkúta sì ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ má kánjú níbí. Ara ti rẹ èèyàn, ó rò pé ó ti tán, ọrùn-ẹsẹ̀ á sì yẹ̀. Bí ìṣòro bá dé, 112 tàbí 999 ni ẹ pè, kí ẹ sọ pé Mountain Rescue, àwọn tó ń gbani là lórí òkè, lẹ fẹ́, kí ẹ sì sọ àwọ̀ ọfà tí ẹ tẹ̀ lé àti òpó tàbí afárá tí ẹ kọjá gbẹ̀yìn.

Nísàlẹ̀ ni abúlé àwọn awakùsà wà, ògiri tí kò lórùlé mọ́ àti ìdọ̀tí òkúta funfun-funfun tí wọ́n kó jọ bí òkìtì. Òjé ni wọ́n ń wà níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ṣì wà nílẹ̀, ó ti dípẹtà. Òjé ṣì wà nínú iyanrìn yẹn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa fi ṣeré, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó tún jẹ nǹkan. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tẹ́jú gba abẹ́ igi páìnì létí adágún padà, ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Omi adágún náà tutù rinrin kódà nínú oṣù kẹfà. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá wo òdìkejì omi, ihò kan wà lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ibùsùn Kevin. Kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ débẹ̀.

Kevin yìí ló dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹfà. Láti Upper Lake sí ibẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà kan àbọ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ bá ẹnu ọ̀nà wọlé bó ṣe yẹ. Òun nìkan ni irú rẹ̀ tó kù ní Ireland, ojú ọ̀nà méjì tí wọ́n fi òkúta tò kó tẹ̀ bí ọrun. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ wo ògiri apá ọ̀tún: òkúta pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n gbẹ́ àgbélébùú sí lára. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n ń lé, bó bá ti sá kọjá ibẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Èrò ń kọjá lára rẹ̀ láìrí i.

Ilé gogoro náà ga tó mítà 30. Ẹ dúró sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ gbójú sókè: mítà mẹ́ta àbọ̀ sílẹ̀ ni. Wọ́n máa ń sọ pé nítorí ọ̀tá ni, kí àwọn mọ́ńkì lè fa àkàbà sókè. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ irú ilé yìí kì í jìn, bí wọ́n bá sì dá ihò sí ìdí rẹ̀, á ṣaláìlágbára. Orúkọ rẹ̀ lédè Irish, ilé aago ni ó túmọ̀ sí. Fèrèsé mẹ́rin tó wà lókè téńté kọjú sí igun mẹ́rin ayé kí ìró lè jáde. Òrùlé rẹ̀ kì í ṣe ti àtètèkọ́ṣe, ọdún 1876 ni wọ́n tún un kọ́, òkúta rẹ̀ àtijọ́ náà ni wọ́n sì kó padà síbẹ̀. Ilé kékeré olórùlé òkúta tó wà nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní ilé ìdáná Kevin. Ibi ìso-aago rẹ̀ ló jọ ihò èéfín. Wọ́n ṣì ń sin òkú sí àárín àwọn òkúta wọ̀nyí, nítorí náà ẹ má jókòó lórí ibojì.

Iṣẹ́ kan kù nígbà tí mo délé. Eégbọn wà nínú igbó ibẹ̀ nítorí àwọn àgbọ̀nrín, mo sì yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìbàdí àti ìpìlẹ̀ irun wò. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má sun ún níná, ẹ má fi òróró pa á. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ mú un mọ́ awọ ara níbi orí rẹ̀, kí ẹ fà á sókè tààrà láìyí i. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tí ó sì ń fẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ibà dé, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ sì sọ fún un pé eégbọn ló bù yín jẹ. Lára awọ dúdú bíi tiwa, pípọ́n yẹn kì í hàn kedere, nítorí náà ẹ máa wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà.