Ìrora Òkè Ikùn Tó Ń Padà Wá: Ẹ Yé Pe Gbogbo Rẹ̀ ní Ọ́lsà

Ẹni tí inú ti run gidi lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń mu oògùn ọ́lsà tí kò lọ, òun la kọ ìwé yìí fún. Àṣìṣe kan náà là ń rí ṣáá: nígbà tí inú bá ń run, kẹ́mísìtì ni wọ́n ń sáré lọ, ìgbà tó bá rọ̀ tán ni wọ́n tó wá sí ọsibítù. Ẹ yí i padà, torí ó lè jẹ́ ẹ̀yà ara tó ń jẹ́ páńkíríásì ló wú, kì í ṣe ọ́lsà.

Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ni páńkíríásì sùn sí. Omi tó ń jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú wa ń ti ibẹ̀ wá, ọ̀nà tóóró tó ń gbà sì pàdé ti òróòro kó tó bọ́ sínú ìfun. Bí nǹkan bá dí ẹnu ọ̀nà yẹn, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ páńkíríásì fúnra rẹ̀. Ìrora á gún láti òkè ìdodo já sí ẹ̀yìn. Béèyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á le sí i. Bó bá jókòó tó tẹ̀ síwájú, á rọ̀ díẹ̀. Èébì a máa bá a rìn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ìrora ṣì wà lára. Lipase, èròjà tí páńkíríásì ń ṣe, ni kí ẹ ní kí wọ́n wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Amylase, èròjà kejì tí wọ́n máa ń wọ̀n, lè ti wálẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 5, lipase lè pẹ́ tó ọjọ́ 8 sí 14 kó tó wálẹ̀. Bí lipase bá ti lé ní ìlọ́po 3 òdiwọ̀n tó ga jù tí láàbù kọ síwájú rẹ̀, ẹ gbé oògùn ọ́lsà yẹn sílẹ̀ ná.

Ọtí àti òkúta inú òróòro ló sábà máa ń mú páńkíríásì wú. Bí kò bá sí ọtí, tí wọn ò sì rí òkúta, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá aràn. Aràn gbọọrọ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 35 máa ń kó ara rẹ̀ sínú ọ̀nà tóóró yẹn, pàápàá bó bá pọ̀ nínú ìfun. Skáànì ikùn lè fi í hàn bí okùn funfun. Lákòókò ìrora, ẹ má fúnra yín lo oògùn aràn: aràn tó bá kú síbẹ̀ lè jẹrà, kí òkúta sì dì yí i ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jáde fúnra wọn. Èyí tí kò bá jáde, dókítà á fi ọpá oníkámẹ́rà gba ọ̀nà ẹnu fà á.

Bí ara bá ti balẹ̀ tí dókítà sì fọwọ́ sí i, kí gbogbo ilé lo oògùn aràn albendazole lọ́jọ́ kan náà: 400 mg lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tó ti pé ọdún 1 tí kò tíì pé 2, 200 mg. Aboyún tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù 3 lọ kò gbọdọ̀ lò ó.

Oògùn yìí kì í dènà àkóràn tuntun, ibẹ̀ ni àwọn olóko ẹ̀fọ́ ti ń kùnà. Abo aràn kan lè yé ẹyin tó 200,000 lójúmọ́. Ẹyin náà nílò ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 nínú ilẹ̀ kó tó lè ranni, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ìgbẹ́ ṣalángá tó ti gbẹ, tí kò rùn mọ́, tí ẹ ń pè ní ajílẹ̀, òun gan-an ló léwu. Ẹ má dà á sórí ebè ẹ̀fọ́. Omi iyọ̀ àti fínígà kò ṣeé gbára lé. Ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sè é. Létúsì tí a ń jẹ ní tútù ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù.

Àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde: òkúta máa ń tètè dì nínú òróòro yín. Gbogbo inú rírun kọ́ ni kíráísì, ìyẹn ìrora àìsàn náà. Ẹ béèrè skáànì.

Bí láàbù bá fa ẹ̀jẹ̀ tí omi orí rẹ̀ funfun bí omi ògì, ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní triglyceride ni kí wọ́n wọ̀n. Bó bá ju 1,000 mg/dL lọ, òun nìkan tó láti fa wàhálà yìí. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kí amylase dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tó tún ní òkúta kíndìnrín, kí wọ́n wo kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí bó bá pọ̀ jù, òun náà lè fà á. Bó bá jẹ́ pé kò tíì pé ogún ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀, tí bàbá tàbí ìyá náà sì ní in, ẹ sọ ọ́, kódà bí àwọn ẹbí bá ní ayé ló ń ṣe é.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan valproate ti wárápá. Àwọn tó ń fi dichlorvos tàbí chlorpyrifos fín oko tàbí ẹ̀wà: oògùn kòkòrò yìí náà lè mú páńkíríásì wú. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fín in àti ọjọ́ tí inú run sínú ìwé kan, kí ẹ sì mú lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ fún dókítà.