Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Títọ́jú Ìwé Sáfíìsì Ọkọ̀, Tí Wọ́n Ń Mú Kí Dílà Kọ Wáráńtì

Wáráńtì tó bá ọkọ̀ tuntun wá kì í ṣe ẹ̀bùn. Owó rẹ̀ ti wà nínú iye tí ẹ san. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń fún oníbàárà ní ọdún 3 tàbí kìlómítà 100,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Síbẹ̀, ẹ óò rí èèyàn ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán tó ń fi owó ara rẹ̀ pààrọ̀ gíà tàbí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ AC tó yẹ kí dílà pààrọ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ wáráńtì o. Ìwé ni kò pé.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun kan ṣáájú. Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù dílà kọ́ ló máa pinnu. Ó máa yẹ ọkọ̀ wò, ó máa ya fọ́tò, á sì kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àgbà, tó sábà máa ń wà ní Èkó. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i níbẹ̀ kò mọ̀ yín rí, kò fojú kan ọkọ̀ náà, kò sì mọ bí ẹ ṣe ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Ìwé nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Bí ìwé náà kò bá lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́.

Rìsíìtì tó kàn kọ "sáfíìsì"

Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á ṣe ọkọ̀ tán, wọ́n á fa bébà kékeré kan ya, wọ́n á kọ "sáfíìsì" àti iye owó sí i, ó tán. Kò sọ ọkọ̀ wo, kò sọ kìlómítà mélòó, kò sọ irú ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i. Lójú ọ́fíìsì àgbà, kò yàtọ̀ sí pé wọn kò ṣe é rárá.

Ohun tó yẹ kí ìwé sáfíìsì kan gbé nìyí:

12/2/2025. 15,060 km. Nọ́ńbà ṣásí: lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ní kíkún. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 0W-20, API SP, lítà 4.2. Fílítà ọ́ìlì 1, pẹ̀lú nọ́ńbà páàtì tó wà lára páálí rẹ̀. Wáṣà nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tú fa ọ́ìlì jáde, 1, tuntun. Fílítà afẹ́fẹ́: eruku ti dí i, a pààrọ̀ rẹ̀. Bírékì iwájú: páàdì ku mílímítà 7. Sáfíìsì tó kàn: 20,000 km tàbí 12/8/2025. Òǹtẹ̀, orúkọ àti ìbuwọ́lùwé.

Ohun tó wà lókè yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti kọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. 0W-20 ń sọ bí ọ́ìlì ṣe nípọn tó, API SP sì ń sọ ìpele dídára rẹ̀. Nọ́ńbà ṣásí ló so ìwé mọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo, nítorí nọ́ńbà pélétì ṣeé pààrọ̀, ẹlòmíì sì ní ọkọ̀ méjì nílé. Iye lítà fi hàn pé wọn kò fi ọ́ìlì jẹ ẹ́ńjìnnì níyà: ẹ́ńjìnnì onílítà 1.8 sábà máa ń gba bíi lítà 4 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí náà rìsíìtì ọ́ìlì lítà 3 máa bí ìbéèrè. Wáṣà kékeré yẹn náà ní tiẹ̀: bí wọ́n bá lo ògbólógbòó tí ọ́ìlì sì ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá gbẹ ni dílà máa béèrè ẹni tó tú u gbẹ̀yìn. Ìlà bírékì sì jẹ́rìí pé ẹnì kan wo abẹ́ ọkọ̀ lóòótọ́.

Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu tí ẹ bá béèrè. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní kí ẹni tó ta ọjà tàbí tó ta iṣẹ́ fún èèyàn fún un ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ọ́ìlì tó nípọn ju ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ló máa ń sọ pé oòrùn ilẹ̀ wa ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká lo 20W-50. Fún ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jẹ, ìyẹn lè ní ìdí. Fún ọkọ̀ tuntun tí ìwé rẹ̀ sọ 0W-20 tàbí 5W-30, ó lè gba wáráńtì lọ́wọ́ yín. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà dé ibi tó ń darí fáàfù àti ibi tó ń mú kí ṣéènì táímìn le dáadáa, ó kéré gan-an. Ọ́ìlì tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó débẹ̀ ní òwúrọ̀, ìyẹn ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ jù. Bí ṣéènì bá wá ń dún ní kìlómítà 60,000, tí rìsíìtì mẹ́ta sì kọ 20W-50, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fún wọn ní ìdí tí wọ́n fi máa kọ̀.

Ayédèrú ọ́ìlì náà wà nígboro. Ẹ ya fọ́tò gálọ̀nù náà kí wọ́n tó ṣí i, kí nọ́ńbà báàṣì rẹ̀ hàn kedere, kí ẹ sì so rìsíìtì ibi tí ẹ ti rà á mọ́ ọn.

Ẹni tí kò rìn púpọ̀ tó rò pé sáfíìsì kò tíì tó

"Èyí tó bá kọ́kọ́ pé" ni gbólóhùn tí èèyàn máa ń fò nínú ìwé wáráńtì. Ọkọ̀ tó ń gbé bàbá lọ mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀ tàbí tó ń gbé màmá lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi lè má rìn ju kìlómítà 2,000 lọ lóṣù mẹ́fà. Bí ìwé bá sọ oṣù mẹ́fà, ó ti pé nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ kì í gbóná délẹ̀. Omi àti epo bẹntiróòlù tó wọnú ọ́ìlì kì í ráyè gbẹ, ọ́ìlì á sì bàjẹ́ láìrìn jìnnà.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé sáfíìsì, ẹ óò rí ọ̀nà méjì: ti ìlò tó rọrùn àti ti ìlò tó le. Eruku, ẹrù wúwo, ìrìn kúkúrú àti dídúró sójú kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìlò tó le ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń gba ọ̀nà eléruku pupa wọ àwọn abúlé gúúsù Kwara lásìkò ọyẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ìlà ti ìlò tó le ni kó máa tẹ̀lé, kó sì jẹ́ kó hàn nínú ìwé rẹ̀. Fílítà afẹ́fẹ́ tó dí nínú oṣù Kejìlá kò ní dúró di kìlómítà tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé.

Kíka wáráńtì láti ọjọ́ tí ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀

Ìwé wáráńtì ló máa sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí dílà fa ọkọ̀ lé ẹni tó kọ́kọ́ rà á lọ́wọ́ ló sì sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹlòmíì nígbà tó ti lo ọdún kan, ọdún kan ti lọ nìyẹn. Ẹ gba ìwé wáráńtì, ìwé sáfíìsì àti ìnfọ́ìsì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dílà bóyá wáráńtì ń bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tuntun. Tòkúnbọ̀ ní tirẹ̀, wáráńtì tí wọ́n fún un ní ilẹ̀ tó ti wá kì í sábà bá a dé ọ̀dọ̀ dílà wa níhìn-ín.

Ṣíṣe sáfíìsì níta láìgba ìwé àṣẹ

Fún àwọn ọkọ̀ kan, wọ́kíṣọ́ọ̀bù tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí tó sún mọ́ wa jù lè jẹ́ ti Ìbàdàn, Èkó tàbí Àbújá. A mọ̀ pé kò rọrùn láti wakọ̀ láti Òmù-Àrán dé Ìbàdàn nítorí ọ́ìlì lásán. Ohun tó burú níbẹ̀ ni kí èèyàn dá pinnu láìsọ fún dílà. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí ímeèlì tàbí WhatsApp ṣáájú: "Ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ mi, nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ nìyí, ti pé 20,000 km. Òmù-Àrán ni mo wà. Ṣé mo lè ṣe sáfíìsì yìí níbí pẹ̀lú ọ́ìlì àti fílítà tí mo rà lọ́dọ̀ yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì lórí ìwé." Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ ìdáhùn náà sórí bébà. "Wọ́n sọ fún mi lórí fóònù" kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn kan máa ń wo fídíò Amẹ́ríkà, wọ́n á wá sọ fún dílà pé òfin kò gbà pé kí ó kọ wáráńtì nítorí mẹkáníìkì ìta. Òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975 ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, òfin Amẹ́ríkà sì ni. Níbí, ìwé wáráńtì yín àti FCCPA lẹ máa gbé dání.

Àléébù tó ń wá tó ń lọ, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀

Bí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí. Gíà ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dílà ní kìlómítà 82,000, wọ́n wà á yíká, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan, ẹ gba kọ́kọ́rọ́, ẹ lọ sílé. Ní 103,000, gíà kú pátápátá. Wọ́n á ní wáráńtì ti tán.

Ká ní ẹ gba jọ́ọ̀bù káàdì (ìwé tí wọ́ọ̀kíṣọ́ọ̀bù ń kọ ẹ̀sùn àti iṣẹ́ ọkọ̀ sí) ti ọjọ́ 82,000 yẹn ni, tí wọ́n kọ ẹ̀sùn yín sí i bí ẹ ṣe sọ ọ́, ẹ̀rí ti wà pé inú wáráńtì ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n kọ "a yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára" nìkan. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yín: gíà kejì sí ìkẹta, ẹ́ńjìnnì gbóná, òkè ni, bíi 40 km ní wákàtí kan. Bí wọn kò bá rí nǹkan, kí wọ́n kọ ìyẹn náà, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí ẹ gba ẹ̀dà. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ padà lọ gba òmíràn.

Bí iná bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ páàkì síbi tó dára, ẹ ya fọ́tò tí iná náà àti kìlómítà jọ hàn nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí rewáyà kankan yọ orí bátìrì tàbí fi ẹ̀rọ rẹ̀ pa iná náà. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti kọ nọ́ńbà àléébù náà sílẹ̀, pẹ̀lú eré tí ọkọ̀ ń sá àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó lákòókò yẹn. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, ẹ̀rí tó lágbára jù ti lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì tàbí gíà kí dílà tó rí i, ẹ má ju páàtì tó bàjẹ́ nù. Tí ẹ bá fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ, ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.

Títẹ òǹtẹ̀ sí ojú ìwé mẹ́rin lọ́jọ́ kan

Ẹni tó rí i pé àlàfo wà nínú ìwé sáfíìsì rẹ̀ lè bẹ ẹnì kan kó kún un. Bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, ọjọ́ tó jìnnà síra. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò lójoojúmọ́ máa rí i. Dílà náà sì ní kìlómítà gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ yín wọ ọgbà wọn nínú kọ̀ǹpútà. Irọ́ ni, ó sì máa ba àwọn tó jẹ́ òótọ́ jẹ́.

Bí ẹ bá ti fo sáfíìsì kan, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ kó ohun tó bá wà jọ: àlááàtì báǹkì, fọ́tò, rìsíìtì fílítà. Fífo sáfíìsì kan kò yẹ kó pa gbogbo wáráńtì rẹ́ láìsí ìdí. Ọ́ìlì tó pẹ́ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú mọ́tò wíńdò tó kọṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tó so méjèèjì pọ̀ hàn yín.

Ìwé tó sùn nínú ọkọ̀

Rìsíìtì tí ẹ̀rọ POS ń tẹ̀ máa ń dúdú nínú ooru, ó sì máa ń ṣí nínú ìmọ́lẹ̀. Ọ̀sán kan tí ọkọ̀ dúró sóòrùn ní Tanke, Ìlọrin, ti tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ náà, kí ẹ fi ọjọ́ àti kìlómítà sọ fáìlì náà lórúkọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, nítorí fóònù máa ń sọnù. Bí ìgbà tí ẹ ń tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ nílé ni kí ẹ ṣe ìwé sáfíìsì. Ọjọ́ sáfíìsì nìkan ni kó wọnú ọkọ̀.

Kí ẹ tó yí ọkọ̀ sí gáàsì CNG, kí ẹ tó so trákà, àlááàmù tàbí ohunkóhun tó máa gé wáyà, ẹ béèrè lọ́wọ́ dílà lórí ìwé. Bí wọ́n bá pààrọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù tí kìlómítà sì yí padà, ẹ gba lẹ́tà tó kọ iye tó wà lára ti tẹ́lẹ̀.

Gbígba "rárá" lẹ́nu lásán

Bí dílà bá kọ̀, ẹ má ṣe jà, ẹ má sì lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: irú àléébù, ìdí tí wọ́n fi kọ̀, àti ìlà ìwé wáráńtì tí wọ́n gùn lé. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì àgbà pẹ̀lú ẹ̀dà gbogbo ìwé, kí ẹ to wọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Bí kò bá sí èsì, àkójọ kan náà lẹ máa fi ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, pẹ̀lú ẹ̀sùn yín. Ẹ̀dà nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.