Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ìgbàgbé Àwọn Àgbà

Bí àgbàlagbà bá ti gbàgbé nǹkan, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé "ọjọ́ ogbó ni." Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé jókòó ti àìsàn tí ó ní ìtọ́jú.

Òótọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé iyè àgbà kì í yá bíi ti ọ̀dọ́. Orúkọ kì í tètè wá sí i lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í rọrùn fún un láti ṣe nǹkan méjì pọ̀. Ìyá tí ó pe ọmọ mẹ́ta kí ó tó kan ẹni tí ó ń pè kò ṣàìsàn. Ìyá tèmi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó pé àádọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀rọ̀, òwe àti ọgbọ́n iṣẹ́ tí ó ti mọ́ni lọ́wọ́ kì í tètè lọ. Nítorí náà, bí ìyá tí ó ti ń se ẹ̀fọ́ fún ogójì ọdún bá dúró ti ìkòkò, tí epo ń gbóná, tí kò sì mọ̀ bóyá ata ni ó kàn tàbí irú, ẹ má pe ìyẹn ní ọjọ́ ogbó. Ẹ mú un lọ rí dókítà.

Èyí tí ó burú jù ni kí á fojú kan náà wo ìyípadà òjijì. Ogbó kì í dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àgbà tí orí rẹ̀ pé ní ọjọ́ Àìkú, tí ó wá ń ṣarán ní Ọjọ́rú, ó lè jẹ́ ibà, àìsàn inú ìtọ̀, òùngbẹ tàbí rọpárọsẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí ó tó kan ilé àdúrà. Ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, títí kan èyí tí ẹ rà ní kẹ́míìsì fún ara yíyún tàbí àìrí-oorun-sùn, nítorí irú wọn a máa da orí àgbà rú.

Àwọn mìíràn ní kádàrá ni, tàbí pé ọwọ́ àwọn ayé ni, ṣùgbọ́n àìsàn ni, ó sì ní ohun tí ń fà á. Ní 1992, àwọn oníwàádìí bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn àgbà Ìdíkàn n'Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbájáde tí ó jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àìsàn iyè ríra (èyí tí òyìnbó ń pè ní dementia) ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún n'Ìbàdàn kò tó ìdajì ti ọ̀hún. Ẹ má fi èyí fọ́nnu pé àrùn náà kò mọ ilé Yorùbá, nítorí àwọn tí ó ní in n'Ìbàdàn kò ṣàìwà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun tí ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ bí ara bá ti yá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa oògùn wọn tì. Etí náà ńkọ́? Ohun tí a rò pé Bàbá gbàgbé, nígbà mìíràn kò gbọ́ ọ rárá ni.

Èyí tí ó máa ń dùn mí jù ni kí ọmọ dúró níwájú àlejò, kí ó máa bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ta ni èmi?" Ìtìjú nìkan ni ìbéèrè yẹn ń bí. Bí ẹ bá ti ń wọlé ni kí ẹ sọ ọ́: "Mọ́mì, ẹ kú ilé o, èmi Bísí ni mo dé."