Ẹ tún ìwé ẹgbẹ́ ṣe kí owó ìrànwọ́ tó dé
Ẹ̀yin ará, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá kéde owó ìrànwọ́ kí ẹ tó máa sáré ìwé kiri. Ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gba sùúrù: ẹ ó kéde nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ ó sì fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó. Báńkì tún sábà máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin mọ́, kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́.

Tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá wá, ẹ jọ̀ọ́, akápò ni kí ẹ rán lọ, kì í ṣe alága nìkan. Òun ló ń kọ owó mọ́tò àti owó omi ìpàdé sílẹ̀, òun náà ló ń tọ́jú rìsíìtì. Bó bá dé, ẹ fún un láàyè kó kọ́ àwọn yòókù ní ìpàdé tó bá tẹ̀lé e.