Kí ẹ tó fi owó sólà ẹnì kan wé ti ẹlòmíì

Ẹ̀yin onílé wa, tí ẹ bá ń béèrè owó sólà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́, ẹ má gba àròpọ̀ owó nìkan. Ẹ ní kí wọ́n tú u palẹ̀: bátìrì lọ́tọ̀, inverter (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí ilé ń lò) lọ́tọ̀, páánẹ́lì, wáyà àti irin orí òrùlé, owó iṣẹ́. Ẹni tí owó tiẹ̀ kéré jù lè jẹ́ pé kò ka bíréékà àti wáyà tó wọlẹ̀ mọ́ ọn. Ó di ọjọ́ iṣẹ́ kó tó dárúkọ wọn.

Bátìrì ló sábà máa ń jẹ owó jù. Ẹ fi fólìtì rẹ̀ (V) sọ Ah rẹ̀ (ampere-hour) di púpọ̀, ẹ ó rí Wh (watt-hour), ìyẹn iye iná tó lè gbà pamọ́. Bátìrì tọ́búlà (irú tó ní òjé àti omi ásíìdì nínú) 12V, 220Ah jẹ́ 2,640Wh, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló dáa kí ẹ máa lò kó má baà tètè kú, ìyẹn 1,320. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 48V, 100Ah jẹ́ 4,800Wh. Bí ẹ bá lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, 3,840 nìyẹn. Tọ́búlà bíi mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ lítíọ́ọ̀mù kan! Iye tó ṣeé lò yìí ni kí ẹ fi pín owó bátìrì, ẹ ó rí èyí tó wọ́n gan-an.

Bátìrì nìkan ni ìṣirò yìí wà fún o. Ilé tó bá ní sùmó (ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè) nínú kànga, bí ọ̀pọ̀ ilé ní Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn, ẹ béèrè agbára inverter lọ́tọ̀, torí iná tí sùmó ń fà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ju èyí tí wọ́n kọ sí i lára lọ dáadáa.